Bọ́ọ̀lù Tó Kan Ìṣẹ́tí Síkẹ́ẹ̀tì Mi

Ilé Orchard,
Nether Coombe,
Devon.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 1925.

Cicely, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Ara rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú ní Edinburgh yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ìwọ náà sinmi díẹ̀? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí òtútù ìlú yẹn má sì wọ̀ ọ́ lára. Ní tèmi, ara mi le koko. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ìdí tó sì fi ń yọ mí lẹ́nu wà lára ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ.

Mo mọ̀ pé ẹnu máa yà ọ́ láti rí lẹ́tà mi nínú oṣù Kẹfà. Láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, Kérésìmesì nìkan là ń kọ̀wé síra wa, ojú ìwé kan péré. Èmi á sọ bí òjò ṣe rọ̀, ìwọ á sọ bí yìnyín ṣe bọ́, ó parí. Èyí kì í ṣe irú ìyẹn. Jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí. Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fi pamọ́ sínú fún ọdún méjìdínlógójì. Mo ti wá sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀, ó ku ìwọ, nítorí ìwọ náà jìyà ọ̀rọ̀ yìí láìmọ ohun tí o ṣe. Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́, oúnjẹ ń dùn lẹ́nu mi, mo sì ń sùn bí ọmọ ọwọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí apá ìtàn náà tí gbogbo ayé mọ̀. Orí koríko ẹ̀yìn ilé àlùfáà ni mo ti kọ́ tẹníìsì, nígbà tí bàbá mi ń ṣọ́ ìjọ ní Shropshire. Ẹ̀gbọ́n mi Ambrose kò rí ẹni bá a gbá bọ́ọ̀lù, ló bá so àwọ̀n ìpẹja mọ́ igi ápù méjì, ó ní kí n dúró lódìkejì kí n máa dá bọ́ọ̀lù padà. Ó rò pé òun ti rí ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa ṣa bọ́ọ̀lù fún òun ni. Kí ọdún tó yí po, mo ti ń nà án. Ó wá lọ fẹjọ́ mi sùn, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi kìlọ̀ fún Hester o. Kì í gbá bọ́ọ̀lù bí obìnrin.” Bàbá mi ní, “Báwo ni obìnrin ṣe ń gbá a?” Ambrose ní, “Wọ́n máa ń pàdánù ni.”

Mo dé Hallowfield fún ìdíje tẹníìsì àwọn obìnrin lọ́dún 1885, ọmọ ọdún méjìdínlógún, pẹ̀lú kọ́sẹ́ẹ̀tì ìfúnbàdí tí màmá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà le, yẹ̀rì méjì, síkẹ́ẹ̀tì funfun tó ń gbálẹ̀, fìlà koríko, àti ràkẹ́ẹ̀tì àlòkù Ambrose. Obìnrin mẹ́tàdínlógún la forúkọ sílẹ̀, èmi ni mo sì gba ife. N kò fẹ́ fọ́nnu, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí mo bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá nígbà yẹn, àwọn ọkùnrin pàápàá kì í fẹ́ sáré tẹ̀lé e. Lọ́dún tó tẹ̀lé e mo tún gbà á. Ìyẹn kò le rárá, nítorí láyé ìgbà náà, ẹni tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í bá gbogbo ènìyàn jà. Á jókòó sábẹ́ agboòrùn, á máa mu tíì, títí ẹnì kan yóò fi na gbogbo àwọn yòókù tán. Ẹni yẹn ni yóò wá pè é níjà lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Ẹni tó wá pè mí níjà lọ́dún 1887 ni Judith Standish. Olùkọ́ ni, inú ilé àwọn ọlọ́lá kan ní Yorkshire ló ń gbé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Faransé àti dùùrù. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un láyè. Ó fi ọ̀sẹ̀ náà na obìnrin márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì fi mu tíì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga, kì í rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì máa ń bọ́ síbi tí kò yẹ kí ó bọ́ sí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lórí pápá, mo mọ̀ nínú ara mi pé wàhálà dé.

Èmi mú ìpele kìíní, òun mú ìkejì. Nínú ìkẹta, tó jẹ́ àṣekágbá, ayò márùn-ún sí márùn-ún, àmì wa sì dọ́gba nínú ayò tó tẹ̀lé e, ẹni tó bá mú méjì léraléra ló ni í. Oòrùn mú gan-an. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan síwájú ẹsẹ̀ mi, mo fò sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù náà sì kan ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì mi kí n tó fi ràkẹ́ẹ̀tì gbá a padà. Ó kàn án díẹ̀, bí ìgbà tí ológbò fi ìrù nu ènìyàn lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára, mo sì mọ òfin. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá kan ara rẹ̀ tàbí aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ti pàdánù àmì yẹn.

Kò sí ẹnì kankan tó rí i, Cicely, ìdí rẹ̀ sì lè pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ọmọlúàbí ọkùnrin kì í wo ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì obìnrin. Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó jókòó sídìí ìlà, bí bọ́ọ̀lù bá ti súnmọ́ ẹsẹ̀ wa báyìí, wọ́n á gbójú sókè bí ẹni ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ ilẹ̀, ìtìjú kò sì jẹ́ kí wọ́n lè wo ilẹ̀. Ọ̀gágun Pargeter tó jókòó sórí àga gíga gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ni ọ̀gá gbogbo wọn nínú ká gbójú sókè.

Judith kò gbá bọ́ọ̀lù náà padà. Ó dúró, ó na ràkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi, kò sì sọ̀rọ̀. Ọ̀gágun Pargeter rí i pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní, “Mísì Averill, ṣé ó kàn yín ni?” Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi, mo fi Ọlọ́run búra fún ọ. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, Ọ̀gágun àgbàlagbà náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ọmọ àlùfáà kì í dúró kí a bi í kó tó sọ òótọ́.” Ló bá ka àmì náà fún mi. Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́. Mo wo ibi tí bàbá mi jókòó sí, mo rí i tó ń mi orí, tí omi ti lé ròrò sí i lójú. Mo pa ẹnu mi dé.

Mo borí nínú ayò yẹn àti èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n sì kọ orúkọ mi sára ògiri Hallowfield lẹ́ẹ̀kẹta. Judith bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ kú oríire, Mísì Averill,” ó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ padà sí Yorkshire. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, bàbá mi gun orí àga ìwàásù, ó sì fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Ó wàásù lórí ọmọbìnrin tí òtítọ́ rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn débi pé adájọ́ kò nílò láti bi í. Mo jókòó níwájú pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́, mo ń wá ilẹ̀ tó máa lanu gbé mi mì. Láti ọjọ́ yẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Tí mo bá sọ ọ́, kì í ṣe èmi nìkan ló máa tẹ́, bàbá mi àti ìwàásù rẹ̀ ló máa tẹ́. Ó kú lọ́dún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ó sì tún mẹ́nu kàn án lórí ibùsùn.

N kò gbá bọ́ọ̀lù ìdíje mọ́ láéláé. Wọ́n ní torí pé mo fẹ́ bàbá rẹ ni. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bẹ̀ mí títí pé kí n padà. Òun náà kò mọ̀. Èmi tí mo ń sọ ohun gbogbo fún un, títí kan iye ìgbà tí mo bá sín.

Wàyí o, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ. O rántí oṣù Keje ọdún 1913, nígbà tí o ń bá ọmọ agbẹjọ́rò Hockaday gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìjọ. Ìwọ lo wà níwájú. Wọ́n ti sọ fún ọ pé bí o bá borí, wọ́n máa mú ọ kún àwọn tó ń ṣojú gbogbo Devon. Bọ́ọ̀lù kan kọjá lára rẹ. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan, èmi tí mo jókòó sítòsí kò rí i. O dá ọwọ́ dúró, o ní, “Ó kàn mí lápá. Ìwọ lo ni í.” O sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé tíì ti tutù. Ẹnikẹ́ni kò bi ọ́. O pàdánù eré náà, wọ́n ní síbẹ̀síbẹ̀ àwọn máa mú ọ, o sì ń sáré bọ̀ wá bá mi, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ.

N kò lè wò ọ́. Kí a tó délé, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo gba ràkẹ́ẹ̀tì rẹ, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, mo ní tẹníìsì ń ba ìwà ọmọbìnrin jẹ́, pé ọmọ mi kò ní lọ ṣojú Devon kankan. O sunkún, o ní, “Màmá, kí ni mo ṣe?” O kò ṣe nǹkan kan, Cicely. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ni o ṣe, kò sì ná ọ ní ohunkóhun láti ṣe é. N kò lè máa jókòó ti pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí n máa wò ó. O rò pé mo ń jowú rẹ. O sọ ọ́ sí mi lójú lọ́jọ́ tí o di ẹrù rẹ. Òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù rẹ ni mo ń jowú.

Ó dáa, ibi tó nira nìyẹn, mo ti kọ ọ́. Mo ti dìde lọ mu omi, mo ti padà wá.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe wá tú? Àlùfáà wa tuntun ni, Ọ̀gbẹ́ni Pym. Ọ̀dọ́ ni, onínúure ènìyàn ni, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé Pẹ́ńtíkọ́sì, a ṣe ọdún ìjọ nínú ọgbà rẹ̀. Wọ́n ní kí n fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn. Ọ̀gbẹ́ni Pym dìde, ó ní kí òun fi mí hàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Ọ̀gágun Pargeter láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnì kan ló kà á fún un nínú ìwé ìjọ bàbá mi àtijọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo ń fi ẹ̀rín ẹ̀tàn wo àwọn ènìyàn. Bí ó ti dé ibi tí adájọ́ ti ní kí n má dáhùn, obìnrin kan tó dúró nídìí tábìlì kéèkì bú sẹ́rìn-ín kèè. Gbogbo ènìyàn yíjú sí i. Arúgbó gíga kan ni, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ àti jáàmù létí ẹnu.

Ó rìn wá bá mi nígbà tí èrò tú ká. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Hester Averill. O mà ti sanra o!” Ohùn yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Judith Standish, ìwọ kò tíì sanra síbẹ̀.” Ó ní, “Ta ló fẹ́ fi owó olùkọ́ sanra?” Ó sọ fún mi pé ọmọ òun ọkùnrin ni dókítà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Upper Coombe, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun máa wà títí òpin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹnu mi ṣe sọ ọ́ kò yé mi, mo gbọ́ tí mo ń ní kó wá mu tíì lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́bọ̀. Ó ní, “Mo ti ń retí kí o pè mí,” ó sì tún bu kéèkì mìíràn.

Ọjọ́ mẹ́ta tó wà láàárín yẹn, má bi mí. Mo ṣẹ́ etí aṣọ ìnuwọ́ mẹ́fà, mo sì tún tú wọn. Ìyá Tuckett tó ń se oúnjẹ fún mi ní, “Ìyáàfin, tó bá jẹ́ pé ọba ló ń bọ̀, ẹ sọ fún mi kí n pa adìẹ.” Mo ní kì í ṣe ọba. Ó ní, “Ta ni tí ẹ fi ń nu ṣíbí kan náà láti àárọ̀?”

Judith dé ní aago mẹ́rin géérégé. Mo bu tíì fún un, mo sì sọ ọ́ kí n tó fi súgà sí i, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá dúró de súgà, n kò ní sọ ọ́ mọ́. Mo ní, “Judith, bọ́ọ̀lù yẹn kàn mí. Mo mọ̀ ọ́n lára. Mo dákẹ́.” Ó ń po tíì rẹ̀. Ó ní, “Mo rí i.” Mo ní, “O rí i?” Ó ní, “Iwájú rẹ ni mo wà, Hester. Èmi kì í ṣe Ọ̀gágun Pargeter. Ojú kò tì mí láti wo ẹsẹ̀ obìnrin ẹgbẹ́ mi. Ìṣẹ́tí rẹ fò báyìí.” Ó fi ṣíbí ṣàpèjúwe bí ó ṣe fò.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wò mí bí ẹni tó bi í ní ìbéèrè ọmọdé. Ó ní, “Kí olùkọ́ ilé olówó dìde láàárín Hallowfield, kó ní ọmọ àlùfáà ń purọ́? Kí n tó délé, wọn ì bá ti kó ẹrù mi sí ẹnu ọ̀nà.” Mo béèrè bóyá inú ń bí i sí mi. Ó ní, “Inú bí mi fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Mo máa ń ha abọ́ bí ẹni ń ha ojú rẹ. Ìgbà tí mo wá bí ọmọ kẹta, n kò ráyè mọ́.” Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì gbọ̀n mí, èmi kò mọ èyí tó kọ́kọ́ jáde. Mo sunkún sórí búrẹ́dì, Cicely, bí mo ti tóbi tó yìí. Judith jẹ́ kí n sunkún, kò pẹ̀ mí, kò sì bá mi wí. Ó jẹ búrẹ́dì tirẹ̀ tán.

Mo lọ gbé ife náà wá, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó tì í padà. Ó ní, “Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo ní abọ́ nílé. Ife kọ́ lo mú lọ́wọ́ mi, àmì kan ni. Àmì mi ni mo fẹ́.” Mo ní báwo ni a ṣe lè ṣe ìyẹn. Ó ti dìde, ó ń wo koríko ẹ̀yìn ilé láti ojú fèrèsé. Ó ní, “Ayò márùn-ún sí márùn-ún ni, èmi ni mo fi àmì kan wà níwájú. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nínú ìwé mi. Ṣé ràkẹ́ẹ̀tì wà nílé yìí?” Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ó ní bí mo bá borí, òun á kí mi kú oríire lẹ́ẹ̀kejì, òun á sì fi tọkàntọkàn sọ ọ́. Bí òun bá borí, kí n fi ọwọ́ ara mi kọ̀wé sí Hallowfield, kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́ kúrò lójú ọdún 1887, kí wọ́n kọ tòun sí i. Mo gbà. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì, mo gbà.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìlá, mo yọ ràkẹ́ẹ̀tì rẹ, mo fi lé Judith lọ́wọ́. Dárí jì mí pé n kò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ. Èmi mú tèmi àtijọ́. Ìyá Tuckett bá wa fi ẹfun fa ìlà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ń kùn bí ó ti ń fà á. Ó ní, “Ọjọ́ orí ẹ̀yin méjèèjì, bí a bá rò ó pọ̀, ó ku ẹyọ kan kó pé ọgọ́fà. Ta ni kí n ránṣẹ́ pè bí ẹ bá ṣubú?” Judith ní, “Dókítà ni ọmọ mi. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.”

A sì gbá a. Judith ju ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ bí a ti máa ń ṣe é nígbà náà, ó sì mú àmì tó kù tó fi di mẹ́fà sí márùn-ún. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣì ń bọ́ síbi tí kò yẹ. N kò tíì gbádùn nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ. Orúnkún mi ń ké, èémí mi kò tó, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Nínú ayò tó tẹ̀lé e, ó ku àmì kan kó borí pátápátá. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan gba ọwọ́ òsì mi, ó bọ́ sí ìdí ìlà. Mo ké pé, “Ó jáde!”

Judith kò jiyàn. Ó rìn wá sí ìdí àwọ̀n, ó wò mí lójú, ó ní, “Hester, ṣé ó jáde?” Mo wo ilẹ̀. Mo wo ẹfun. N kò wọ awò ojú mi, bọ́ọ̀lù náà sì yára. Mo ní, “Mi ò mọ̀, Judith. Mi ò rí i dáadáa. Mo kàn fẹ́ kó jáde ni.” Ó jókòó sórí koríko, ó ní, “Ká ní o sọ irú èyí fún mi lọ́dún yẹn, ì bá ti tó mi.” Mo jókòó tì í. Ó ṣe díẹ̀ kí a tó lè dìde, Ìyá Tuckett ló fà wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ní kó gba àmì náà, kó ti borí. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò gba ọrẹ. A fẹnu kò pé a máa tún àmì yẹn gbá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú adájọ́. Ọ̀gbẹ́ni Pym ti gbọ́, ó ní òun ṣe tán. Judith ní, “Ẹni yẹn kẹ̀? Ọ̀run ni yóò máa wò.” Ìyá Tuckett ní òun lè ṣe é, Judith ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi kò lè dá ẹjọ́ mi. Ó wá bi mí pé, “Ṣé o kò mọ ẹnì kan tí ojú rẹ̀ mú, tí kò ní ṣàánú rẹ, tó sì máa ń sọ òótọ́ kí a tó bi í?” Mo ní mo mọ ẹnì kan ṣoṣo láyé yìí. Mo ní mo ti ṣẹ̀ ẹ́, n kò mọ̀ bóyá yóò wá.

Bí o bá wá, àga gíga máa wà fún ọ, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí o gbè mí. Bí bọ́ọ̀lù bá kàn mí, sọ ọ́ sókè kí gbogbo abúlé gbọ́. Bí mo bá pàdánù, èmi á kọ̀wé sí Hallowfield lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì fẹ́ kí ìwọ ka lẹ́tà náà kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rù kò bà mí mọ́, Cicely. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni mo ti kọ sínú ìwé yìí, o sì ti kà á báyìí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún mi. Kí ó fún ọ ní okun níbi iṣẹ́, kí àwọn tí o fi ọwọ́ rẹ tọ́jú dìde pẹ̀lú ayọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ohun tí o kò ṣe jẹ ọ́ níyà mọ́, èmi tí mo bí ọ ni mo kọ́kọ́ sọ àmín sí i.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Hester Tarrant.

Àfikún: Bí àwọn ọ̀gá rẹ kò bá fún ọ láyè, kọ ìlà kan ṣoṣo sí mi, kí n mọ̀ bóyá inú ṣì ń bí ọ. Má wọ ọkọ̀ ojú irin ti òwúrọ̀ Ẹtì, ó máa ń pẹ́ jù ní Bristol. Judith ní bí kò bá rọrùn fún ọ nínú oṣù yìí, òun lè dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ó ti mọ́ ọn lára láti dúró. Èmi ni n kò lè dúró mọ́.